Ibi tí òṣèlú ìlú ń gbà wọ ọ́fíìsì gíwá fásitì

Sí Olóòtú,

Bí sáà gíwá fásitì ìjọba bá ti ń parí lọ nílẹ̀ Yorùbá, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń gba ìlú kan: "Ọmọ ibo ni?" Ní oṣù kẹta ọdún 2022, nígbà tí wọ́n kéde Ọ̀jọ̀gbọ́n Simeon Bamire fún Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àwọn kan gbé nǹkan ìbọ lọ sẹ́nu ọ̀nà ọgbà náà, wọ́n ní ọmọ Ifẹ̀ ló yẹ kó jẹ. N'Íbàdàn, sáà Ọ̀jọ̀gbọ́n Idowu Olayinka parí ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2020, ṣùgbọ́n oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni wọ́n tó yan Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Adebowale. Adelé gíwá ló ń tu ọkọ̀ ní gbogbo àárín ìgbà yẹn, tí àwọn ọmọ ìlú náà ń béèrè ìpín tiwọn. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1965, wọ́n fi Ọ̀jọ̀gbọ́n Saburi Biobaku rọ́pò Ọ̀jọ̀gbọ́n Eni Njoku ní Fásitì Èkó. Òṣèlú àti ẹ̀yà wọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ olùkọ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì gún Biobaku lọ́bẹ.

Ẹnu géètì là ń wò nítorí ibẹ̀ ni ariwo wà. Ṣùgbọ́n ibòmíràn ni òṣèlú ń gbà wọlé, ọ̀nà náà sì tóóró ju bí a ti rò lọ.

Òfin ọdún 2003 fún àwọn fásitì ìjọba àpapọ̀ ní òmìnira láti yan gíwá fúnra wọn, fún ọdún 5 péré, tí kò ṣe é tún jẹ. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ fásitì máa polówó ipò náà nínú ìwé ìròyìn. Wọ́n á gbé ikọ̀ aṣàwárí ẹlẹ́ni 5 dìde, láti wá àwọn tó tó gbangba sùn lọ́yẹ́ ṣùgbọ́n tí ìtìjú kò ní jẹ́ kí wọ́n kọ̀wé béèrè. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ aṣàyàn: alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ, ẹni 2 láti inú ìgbìmọ̀ aláṣẹ tí kì í ṣe ará Sẹ́nétì (ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ nínú fásitì, kì í ṣe ti Àbújá), àti ọ̀jọ̀gbọ́n 2 láti Sẹ́nétì tí kò sí nínú ikọ̀ aṣàwárí. Àwọn 5 yìí ló ń fi orúkọ 3 ránṣẹ́, ìgbìmọ̀ aláṣẹ á sì mú ọ̀kan nínú wọn. Ààrẹ kì í yàn. Wọ́n kàn ń fi tó o létí ni.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí 3 mú nínú àwọn 5 yẹn kò nílò fásitì mọ́. Alága ńkọ́? Ìjọba ló yàn án. Ẹni 2 tí kì í ṣe ará Sẹ́nétì ńkọ́? Ó rọrùn kí wọ́n jẹ́ lára àwọn 4 tí ìjọba tún yàn sínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ. Òfin ní kí àwọn 4 wọ̀nyí ṣojú oríṣiríṣi ènìyàn káàkiri orílẹ̀-èdè. Bí ẹgbẹ́ òṣèlú bá fi ipò náà ṣe ẹ̀bùn fún àwọn tó bá wọn polongo ìbò, ibẹ̀ ni nǹkan ti wọ́, kí ìpolówó tó jáde rárá.

Ìpolówó fúnra rẹ̀ tún jẹ́ ọgbọ́n mìíràn. Wọ́n lè fi ọjọ́ orí tàbí iye ọdún téèyàn ti fi jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ọgbà yí ẹnì kan ká. Bí wọ́n bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pín iye máàkì tí wọ́n máa fi díwọ̀n àwọn olùdíje lẹ́yìn tí wọ́n ti rí orúkọ àwọn tó kọ̀wé, aṣọ tí wọ́n wọn mọ́ ẹnì kan lára nìyẹn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti adelé. Òfin ní adelé kò gbọdọ̀ kọjá oṣù 6, Sẹ́nétì ló sì ń dábàá rẹ̀ fún ìgbìmọ̀ aláṣẹ. Ẹni tó mọ̀ pé òun kò lè borí nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kò nílò ju kó da ètò rú lọ: ìwé ẹ̀sùn sí mínísítà, ẹjọ́ ní kóòtù, ìwọ́de. Bí ètò bá ti dúró, adelé jókòó, wọ́n á tún ikọ̀ tuntun yàn, gbogbo àdéhùn á bẹ̀rẹ̀ látorí òdo.

Mi ò sọ pé ìlú kò ní ẹ̀tọ́. Ìlú ló yọ̀ǹda ilẹ̀, òun ló sì ń gba èrò sílé. Ṣùgbọ́n ìlànà ìgbàwọlé akẹ́kọ̀ọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ti fi ìdá 35 nínú 100 sílẹ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí fásitì ká, nígbà tí 45 jẹ́ ti máàkì, tí 20 sì jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì rinlẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀, ọ̀nà àti iṣẹ́ ọwọ́, kí ààfin kọ ọ́ sí ìgbìmọ̀ aláṣẹ, kí wọ́n kà á ní ìpàdé, kí wọ́n sì fèsì. Àga gíwá kì í ṣe owó ilẹ̀.

Ìwé ìròyìn yín lè ràn wá lọ́wọ́, Olóòtú. Lọ́jọ́ tí ìpolówó ipò gíwá bá tún jáde, ẹ béèrè ohun 3 lọ́wọ́ fásitì náà, kí ẹ sì tẹ èsì wọn jáde: orúkọ àwọn 5 tó wà nínú ìgbìmọ̀ aṣàyàn àti ẹni tó fi wọ́n síbẹ̀, bí wọ́n ṣe pín máàkì, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i, àti ọjọ́ tí sáà gíwá tó wà lórí àga máa parí. Bí ọjọ́ yẹn kò bá jìnnà tó oṣù 6 mọ́, ẹ tètè kígbe.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn