Owó Tó Tọ́ sí Àwọn Àgbà Wa ní Ìlú Ọba

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè wa. Gúúsù Lọ́ńdọ́nù ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, níbi tí mo ti ń bá àwọn àgbà inú ìjọ wa kọ fọ́ọ̀mù láti bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ohun tó mú mi kọ̀wé sí yín ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń jẹ ìyà tí kò yẹ kí wọ́n jẹ, nígbà tí owó wà nílẹ̀ tí òfin ti yà sọ́tọ̀ fún wọn, tí wọn kò sì béèrè fún un.

Ìyá kan wà tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, tó sọ fún mi nígbà òtútù pé yàrá kan ṣoṣo nínú ilé òun lòun ń jẹ́ kó móoru, tí òun sì máa ń ti ìlẹ̀kùn àwọn yàrá yòókù pa títí di oṣù kẹrin. Ó lé lógún ọdún tí ìyá yìí fi ń gbá ọ́fíìsì lóru, tí yóò sì ti parí iṣẹ́ kí àwọn tó ń jókòó síbẹ̀ tó jí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ọdún wọ̀nyẹn ló jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n ń san owó lé e, láìsan National Insurance kankan fún un, ìyẹn owó tí wọ́n ń yọ lára owó iṣẹ́ láti fi ka ọdún ìfẹ̀yìntì, nítorí náà owó ìfẹ̀yìntì tó ń gbà báyìí kéré gan-an. Nígbà tí mo dárúkọ Pension Credit fún un, ìyẹn owó tí ìjọba fi ń kún owó àgbà tí èyí tó ń wọlé fún un kéré, ó wojú mi, ó ní, "Ọmọ mi, wọn kì í ṣagbe nílé wa."

Mi ò bá a jiyàn lọ́jọ́ náà, torí pé ọ̀rọ̀ iyì kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń bá àgbà fà. Àmọ́ mo ti gbọ́ èsì yẹn lẹ́nu àwọn bàbá àti ìyá tó pọ̀, mo sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ níhìn-ín, kí ẹnikẹ́ni tó ní òbí ní Ìlú Ọba lè gbọ́.

Owó ìfẹ̀yìntì ìjọba, èyí tí wọ́n ń pè ní State Pension, dà bí àjọ tí gbogbo òṣìṣẹ́ jọ ń dá. Ẹni tó bá fi ọdún 35 dá a ló ń kó o ní kíkún, ẹni tí kò bá sì dá a tó ọdún 10 kì í rí nǹkan kan kó lábẹ́ ètò tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní April 2016. Láti April 2025 sí April 2026, £230.25 lọ́sẹ̀ ni owó kíkún náà. Àwọn tó ti pé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì ṣáájú April 2016 wà lábẹ́ ètò àtijọ́, £176.45 lọ́sẹ̀ sì ni ìpìlẹ̀ tiwọn láàárín àkókò kan náà. Kò sí àgbà kan tó ń tijú láti gba èyí, torí wọ́n mọ̀ pé òógùn àwọn ni.

Pension Credit ló ń dá ìtìjú sílẹ̀, nítorí pé wọ́n ní láti béèrè fún un kí wọ́n tó rí i, wọ́n sì ní láti sọ iye tó ń wọlé fún wọn. Bí owó tó ń wọlé fún àgbà tó dá wà kò bá tó iye kan lọ́sẹ̀, ìjọba yóò fi kún un títí yóò fi tó bẹ́ẹ̀; £227.10 ni iye náà láti April 2025 sí April 2026. Ti tọkọtaya jẹ́ £346.60 nígbà náà. Ẹni tó bá ní owó díẹ̀ ní báńkì kò gbọdọ̀ rò pé òun ti bọ́ sẹ́yìn, torí wọn kì í ka £10,000 àkọ́kọ́ sí i lọ́rùn rárá. Owó orí tí ìyá yẹn san láwọn ọdún tí wọ́n yọ ọ́ lára owó iṣẹ́ rẹ̀, àti èyí tí wọ́n ń yọ lára ohun tó ń rà lọ́jà, inú àpò kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, inú àpò náà sì ni Pension Credit ti ń jáde. Ó ti san tirẹ̀ sí i fún ogójì ọdún. Èwo wá ni agbe níbẹ̀?

Bí ohun tí àgbà máa rí gbà nínú Pension Credit bá tiẹ̀ kéré, kí ó má ṣe kọ̀ ọ́, nítorí pé òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn yòókù: ìrànwọ́ owó ilé, àdínkù owó káńsù tí onílé ń san fún ìjọba ìbílẹ̀, ìtọ́jú eyín lọ́fẹ̀ẹ́, àti láìsènì ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán fún ẹni tó bá ti pé ọdún 75. A kò tíì gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà òtútù ọdún 2024, nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé àwọn tó bá ń gba irú bẹ́nífíìtì bẹ́ẹ̀ nìkan ni yóò rí owó ìmúlégbóná gbà. Ní ọdún 2025 wọ́n dá owó náà padà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju £35,000 lọ lọ́dún, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ìtìjú kò jẹ́ kí wọ́n béèrè ti fi ọdún kan jìyà òtútù kí ìyẹn tó dé.

Ní ti Attendance Allowance, mo fẹ́ kí àwọn ọmọ fetí sílẹ̀ dáadáa. Owó yìí wà fún ẹni tó ti pé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì tí àìsàn tàbí ara ríro kò jẹ́ kó lè dá tọ́jú ara rẹ̀, tó sì ti ń rí bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Wọn kì í béèrè iye tó ń wọlé fún èèyàn tàbí iye tó ní ní báńkì. Láti April 2025 sí April 2026, £73.90 lọ́sẹ̀ ni fún ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ lọ́sàn-án tàbí lóru, £110.40 sì ni fún ẹni tó nílò rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Àṣà wa gan-an ló ń dí wa lọ́wọ́ níbí. Bí wọ́n bá bi àgbà Yorùbá pé báwo lara, kí ni yóò sọ? "A dúpẹ́, ara le." Ìwà ọmọlúwàbí ni, ṣùgbọ́n bó bá kọ irú èsì bẹ́ẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, ohun tí ẹni tó ń kà á yóò gbọ́ ni pé kò nílò nǹkan kan. Mo ti jókòó ti bàbá kan tó ní òun lè dá wẹ̀. Ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ dá sí i ni mo tó mọ̀ pé ìyẹn ló ń gbé e wọnú ìwẹ̀, tó ń fọ ẹ̀yìn rẹ̀, tó sì ń di bàtà rẹ̀ fún un láti ọdún méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ti òbí yín nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́, kí ẹ sì kọ bí ọjọ́ tí ara ni wọ́n jù lọ ṣe máa ń rí.

Àwọn kan a máa fi òwe dá mi lóhùn pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu. Òótọ́ ni, mi ò sì fẹ́ kí ọmọ kankan torí bẹ́nífíìtì kọ òbí rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òkété a máa kó ẹyìn ọ̀pẹ pamọ́ sínú ihò rẹ̀ pẹ̀lú, ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ fún un pé kó má fọwọ́ kàn án nítorí pé ó bímọ.

Àwọn ìyá tó ń tọ́jú ọmọọmọ náà ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí ìyá àgbà kò bá tíì pé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì, tó ń gbé níbí, tó sì ń tọ́jú ọmọọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 kí òbí ọmọ lè lọ síbi iṣẹ́, òbí tó ń gba Child Benefit, owó tí ìjọba ń san nítorí ọmọ, lè gbé ọdún National Insurance tó wà nídìí rẹ̀ fún ìyá náà, kí ó lè di àfikún sí ọdún àjọ rẹ̀. Àtọdún 2011 ni ètò yìí ti wà.

Ìrìn àjò sílé náà ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó ń gba Pension Credit kò lè kúrò ní Ìlú Ọba ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ kí owó náà má dúró, àyàfi bó bá jẹ́ pé ikú ìbátan tó sún mọ́ ọn tàbí ìtọ́jú àìsàn ló dá a dúró. A mọ bí ìsìnkú ti ń gùn nílé. Kí wọ́n sọ fún ọ́fíìsì náà kí wọ́n tó wọkọ̀ òfuurufú.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn tó padà sílé pátápátá. Ẹni tó bá fẹ̀yìn tì sí Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú yóò máa gba State Pension rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n iye tó bá lọ sílé ni yóò wà títí láé; kò ní bá ti àwọn tó kù lẹ́yìn gòkè lọ́dọọdún. Ẹni tó kó lọ sílé ní 2010 pẹ̀lú £97.65 lọ́sẹ̀, £97.65 náà ló ṣì ń gbà, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dúró sí Lọ́ńdọ́nù ti ń gba £176.45 ní 2025. Bó bá jẹ́ Jàmáíkà tàbí Amẹ́ríkà ló lọ, ì bá máa gòkè. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg, ilé ẹjọ́ náà sì dá ìjọba láre ní 2010. Lójú tèmi, ìdájọ́ yẹn kò mú ìwà náà dára. Àjọ kan náà ni wọ́n jọ dá, iye kan náà ni wọ́n ń yọ lára owó iṣẹ́ wọn. Ó yẹ kí ìjọba Nàìjíríà bá ìjọba Ìlú Ọba jókòó lórí rẹ̀, bí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti ṣe.

Mo gbọ́dọ̀ ṣe ìkìlọ̀ kan. Òbí tó wá pẹ̀lú físà àlejò, tàbí tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìgbélùú rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ gba owó ìjọba, kò gbọdọ̀ béèrè fún Pension Credit tàbí Attendance Allowance, nítorí ó lè kó bá ìwé rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ bá agbẹjọ́rò tàbí Citizens Advice, àjọ tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, sọ̀rọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú, ni pé ní gbogbo oṣù kẹrin, nígbà tí iye owó wọ̀nyí bá yí padà, kí ẹ fún un ní igun kékeré kan nínú ìwé ìròyìn yín, ní èdè Yorùbá tó ṣe kedere. Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ kò tíì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà. Èmi ni mo máa ń mú ìwé ìròyìn yín lọ fún un, láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn ló sì máa ń kà á. Bó bá rí i níbẹ̀, yóò gbà á gbọ́ ju bí ó ti gbà á lẹ́nu mi lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan,
Peckham, Lọ́ńdọ́nù.