Ta Ló Lu Ìyáàlù Yẹn?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa eré olórin tí wọ́n ṣe nílùú Ìlọrin níbí lọ́jọ́ díẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ yin òṣèré tó ṣe ọba, ẹ ní ohùn rẹ̀ ló gbé eré náà dé èbúté. Ẹ yin olùdarí. Ẹ ò gbàgbé àwọn tó fowó sí i. Èmi náà wà nínú gbọ̀ngàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìlà kẹta láti iwájú ni mo jókòó sí, ohun tí mo rí fi díẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín.

Nígbà tí ọba fẹ́ fi orin dágbére fáwọn ìjòyè, orin pòórá lẹ́nu rẹ̀. Ó lanu, nǹkan kan ò jáde. Bàbá tó ń lu ìyáàlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ò wojú ẹnikẹ́ni. Ó fi ìlù pe ọ̀rọ̀ tó kàn, ó tún un pè, bíi pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é láti ilé wá. Àwọn elégbè gbè é, ọba rántí, gbogbo ilé sì ho yèè. Ọba ni wọ́n ń hó fún o! Mo ṣí ìwé ètò wò. Mo rí orúkọ alága, mo rí orúkọ ẹni tó se ìrẹsì àlejò, àní mo rí ẹni tó yá wọn ní jẹnẹrétọ̀. Níbi orin àti ìlù, "Ẹgbẹ́ Akọrin" ni wọ́n kọ. Ó tán.

N kò bá òṣèré yẹn jà, ọmọ náà mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló hun orin, ẹlòmíràn ló kọ́ àwọn elégbè títí ohùn wọn fi bára mu, ẹlòmíràn ló sọ ibi tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yóò ti wọlé, ká tó wá kan ọ̀fun tó kọ ọ́ àti ọwọ́ tó lù ú.

Mo fura sí ibi tí àṣà pípe orúkọ ẹyọ kan yìí ti wá. Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Glover Memorial Hall l'Ékòó ní 1944, òun ló kọ eré, òun ló hun orin, òun náà ló darí rẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ kọ Ọba Kò So ní 1963, ó sì tún di Ṣàngó fúnra rẹ̀ lórí ìtàgé. Orúkọ kan lè ru ẹrù náà nígbà yẹn (bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ irú Ṣàngó tí à bá rí láìsí àwọn onílù bàtá, àti láìsí Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ tó ṣe Ọya). Iṣẹ́ ti pín sọ́wọ́ èèyàn púpọ̀ báyìí, orúkọ ẹyọ kan la ṣì ń pè.

Ẹ wo eré tí wọ́n fi ìtàn Fẹlá ṣe ní Broadway, àdúgbò àwọn ilé ìtàgé ńlá ní New York, ní 2009. Fẹlá, tó ti kú láti 1997, ló ni orin. Àwọn ẹgbẹ́ olórin Antibalas ló ń lù ú, Aaron Johnson ló tò ó fún ohun èlò, Bill T. Jones ló darí, tó sì gbé ijó kalẹ̀. Ṣíṣe Fẹlá fúnra rẹ̀ wúwo débi pé òṣèré méjì, Sahr Ngaujah àti Kevin Mambo, ló ń ṣe é ní àṣegbà. Nígbà tí àmì ẹ̀yẹ Tony, tí wọ́n ń fún eré Broadway, dé ní 2010, ọ̀nà 11 ni wọ́n ti yàn án, ó gba 3: ti ijó, ti aṣọ àti ti ètò ohùn. Johnson kò gba ti títo orin, ṣùgbọ́n wọ́n pe orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, wọn ò pè é ní "ẹgbẹ́".

Àwọn kan á ní orin ìbílẹ̀ ni, pé kò ní ẹni tó ni ín. Ìdáhùn yìí ò ṣàjèjì sí mi. Mo kọ́ àwọn ọmọ iléèwé kan lórin fún eré ìparí ọdún rí lápá Òmù-Àrán. Orin agbo egúngún ni mo lọ gbà lẹ́nu àwọn àgbà, mo gé e, mo tò ó, mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ wọn. Orúkọ ọ̀gá iléèwé ló jáde nínú ìwé ètò. Ọ̀gá tí kò lè dá orin kan ṣoṣo pàápàá!

Níbi eré dàdàkúàdà, orin ìbílẹ̀ ìlú Ìlọrin yìí, kò sí ìwé ètò rárá, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ óò rí i tí olórí yóò dá orin dúró, tí yóò ki onílù, tí yóò pe baba tó bí i, owó á sì lẹ̀ mọ́ onílù níwájú orí.

Ohun tí mo ń fẹ́ lọ́wọ́ yín kò pọ̀, olóòtú. Bí ẹ bá tún fẹ́ kọ̀wé nípa eré olórin, kí akọ̀ròyìn yín rìn dé ẹ̀yìn ìtàgé, kó bi wọ́n pé ta ló hun orin, ta ló lù ú.

Mo bá bàbá onílù ọjọ́ yẹn pàdé lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ìyáàlù kọ́ apá, ó ń dúró de ọ̀kadà. Mo bi í bóyá kí n kọ orúkọ rẹ̀ sí yín. Ó ní kí n má kọ ọ́, pé àwọn tó bẹ òun níṣẹ́ ni kó kọ́kọ́ kọ ọ́.

Olùkọ́ fẹ̀yìntì,
Tánkẹ̀, Ìlọrin.