Oko Ẹ̀wà Ni Ṣamma Dúró Sí

Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn, Ọjọ́ Àìkú 6 Oṣù Kẹwàá 2024

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ọ̀sẹ̀ tuntun. Ẹni tó bá ń gbé ìhà gúúsù Chicago níbí mọ ohun tó ń bí àwọn aládùúgbò wa nínú. White Sox, ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù àdúgbò wa, parí sáà wọn lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Nínú eré 162, wọ́n pàdánù 121. Láti ọdún 1900 wá, kò sí ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù ńlá kankan tí ojú rẹ̀ rí tó bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ Mets ti New York ní 1962, tí gbogbo ayé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, 120 ni tiwọn. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹjọ, eré 21 ni White Sox pàdánù léraléra kí wọ́n tó rí ẹyọ kan jẹ. Wọ́n lé kóòṣì wọn, Pedro Grifol, lọ, àwọn èrò pápá sì ń pariwo pé kí ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà tà á.

Àwọn ọ̀dọ́ wa rò pé àwa àgbà kò gbọ́ nǹkan kan nípa eré yìí. A gbọ́ díẹ̀. Mo sì ṣàkíyèsí pé ìpàdánù yẹn gan-an kọ́ ló ń ká àwọn alátìlẹ́yìn lára jù. Ẹni tó fẹ́ràn White Sox ti mọ ìfaradà: wọ́n gba ife ní 1917, wọn ò tún gbà á mọ́ títí di 2005. Ohun tó ń mú wọn fò dìde lórí àga ni pé agbábọ́ọ̀lù á gbá bọ́ọ̀lù wọ́ọ́rọ́wọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ itòsí béèsì kejì, á wá máa rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sí béèsì àkọ́kọ́, ibùdó tó yẹ kó dé kí bọ́ọ̀lù tó débẹ̀, á ti máa bọ́ ìbọ̀wọ́ lójú ọ̀nà, nígbà tí ẹni tó mú bọ́ọ̀lù kò tíì jù ú rárá.

Láti ibi tó ti gbá bọ́ọ̀lù dé béèsì yẹn, ẹsẹ̀ bàtà 90 péré ni. Ẹni tó bá ń sáré bọ̀ ló ń mú ọwọ́ ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù gbọ̀n. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún, tàbí tó jù ú gba orí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹni tó sáré ti débẹ̀. Ẹni tó ń rìn kò ní í rí nǹkan kan jẹ nínú àṣìṣe náà. Bàbá tó kó ọmọ mẹ́ta wá, tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, tó tún sanwó páàkì (owó páàkì yẹn nìkan tó kí ènìyàn gbààwẹ̀ lé lórí), ó mọ̀ pé ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù lórí pápá gba 740,000 dọ́là ní 2024. Kò bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ó ní kó sáré.

Mi ò gbàgbé pé ọ̀rọ̀ ní apá kejì o. Ẹni tó ń rìn lè jẹ́ pé iṣan itan ló ń dùn ún. Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì ni wọ́n ta Dylan Cease, ọ̀kan lára àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn, lọ sí San Diego kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n tún kó àwọn mìíràn lọ ní oṣù keje. Ó rọrùn láti bá ọmọdé wí nínú ilé tí àgbà ti tú. Ní 2019, Ronald Acuña Jr. ti Atlanta gbá bọ́ọ̀lù, ó rò pé ó ti jáde ní pápá, ló bá dúró tó ń wò ó. Bọ́ọ̀lù kan ògiri, ó padà, béèsì kan péré ló rí gbà. Kóòṣì rẹ̀, Brian Snitker, yọ ọ́ kúrò nínú eré lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń ṣíwájú ìsọ̀rí wọn nígbà yẹn. Nínú ẹgbẹ́ tó ti tẹ́, ta ló máa lẹ́nu láti yọ ẹnikẹ́ni?

Ẹ má sì fi eré sísá ṣe ìgbàlà. Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kejì tí sáà parí, Pete Rose, gbajúgbajà agbábéèsìbọ́ọ̀lù ayé àtijọ́, kú ní ẹni ọdún 83. Charlie Hustle, ìyẹn Charlie Aláápọn, ni wọ́n ń pè é, nítorí pé nígbà tí wọ́n bá ní kó máa rìn lọ sí béèsì lọ́fẹ̀ẹ́, sísá ló ń sá lọ. Ọkùnrin yìí kan náà ni wọ́n lé kúrò nínú béèsìbọ́ọ̀lù ní 1989 nítorí tẹ́tẹ́.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ wò wà nínú 2 Samuẹli 23, ẹsẹ 11 àti 12. Àwọn Filístínì kóra jọ síbi oko kan tó kún fún ẹ̀wà. Gbogbo ènìyàn sá. Ṣamma ọmọ Agee dúró sí àárín oko náà, ó gbà á sílẹ̀, Olúwa sì ṣe ìgbàlà ńlá. Ẹ̀wà yẹn ló máa ń dá mi dúró nígbàkígbà tí mo bá kà á. Ẹnubodè Jerúsálẹ́mù kọ́, àpótí ẹ̀rí kọ́. Ẹ̀wà! Àwọn tó yẹ kó bá a jà ti gba ilé lọ, kò sì sí ẹni tí ì bá bá a wí bó bá tẹ̀ lé wọn.

White Sox pàápàá, lẹ́yìn tí wọ́n pàdánù ìkọkànlélọ́gọ́fà ní Detroit, tí àwọn ará ibẹ̀ ń jó níwájú wọn pé àwọn ti wọ ìdíje tó máa ń tẹ̀ lé sáà, eré méjì ló ṣẹ́kù. Kò sí ife kankan níwájú wọn, orúkọ ti bàjẹ́ tán. Wọ́n borí nínú méjèèjì. Mo yọ̀ sí ìyẹn ju bó ṣe yẹ kí pásítọ̀ yọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ilé wa. Èrò wa lọ sílẹ̀, kò pamọ́. Bí akọrin mẹ́rin péré bá wá dánra wò, wọ́n á kàn hùn ún díẹ̀, wọ́n á tú ká. Ẹni tó ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà ń wo fóònù. À ń sọ nínú ara wa pé ta ló máa mọ̀. Ìyá tó bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ òru nílé ìwòsàn, tó gba ibẹ̀ wá sí ìsìn láìfojú kan oorun, òun ló máa mọ̀. Kolosse 3:23 ní ká máa fi tọkàntọkàn ṣe é gẹ́gẹ́ bí fún Olúwa, Pọ́ọ̀lù kò sì fi kún un pé nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì bá kún.

Ẹ̀kọ́ Bíbélì wà lọ́jọ́rú, aago méje ìrọ̀lẹ́. Láti ẹsẹ kẹjọ 2 Samuẹli 23 la ó ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀, a ó kọrin dé ẹsẹ tó kẹ́yìn, a ó sì lo dùùrù. Ẹ̀yin akọrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ìwé orin yín dání.