Àjàní, Ìlà Márùn-ún Kò Tó

Àjàní ọmọ mi,

Oṣù mẹ́ta rèé tí mi ò gbóhùn rẹ dáadáa. Bí mo bá pè, wàá ní o wà lẹ́nu iṣẹ́, o máa pè mí padà. Ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á mọ́, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan. Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ náà ò wá mọ́. Kì í ṣe tìtorí owó yẹn ni mo fi ń kọ̀wé o. Orúnkún ìyá rẹ ti ń san díẹ̀díẹ̀, ajá bí mẹ́fà, a ti pààrọ̀ páànù tó ń jò lẹ́yìnkùlé. Ebi ò pa wá. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ láìmọ̀ pé mi ò tíì gbọ́ ló gbé mi dìde: pé wọ́n já àpótí onípákó ńlá kan sílé rẹ, pé bọ́dì mọ́tò tí kò ní ẹ́ńjìnì ni wọ́n gbé jáde nínú ẹ̀, pé ìyàwó rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sọ nǹkan kan.

Kò sọ nǹkan kan. Àtìgbà yẹn ni oorun ò ti kun ojú mi.

Mo ní kí o jẹ́ kí n rí ìṣirò owó tí o fẹ́ fi to mọ́tò náà, o ya fọ́tò bébà kan ránṣẹ́. Mo wọ gíláàsì mi, mo kà á, mo tún kà á. Ìlà márùn-ún: bọ́dì, ṣásí, ẹ́ńjìnì, táyà pẹ̀lú rímù, ọ̀dà. O ro wọ́n pọ̀, o fa ìlà méjì sábẹ́ ẹ̀ bí ẹni tó ti parí iṣẹ́. Ọmọ mi, ìlà márùn-ún ò lè gbé mọ́tò kúrò lójú kan.

Mo mọ̀ pé mọ́tò Cobra tí o fẹ́ to ẹ̀dà ẹ̀ yìí ti wù ọ́ tipẹ́. Ìwọ lo sọ ìtàn ẹ̀ fún mi, bí Carroll Shelby, awakọ̀ eré ìje ará Amẹ́ríkà, ṣe gba bọ́dì àti ṣásí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ AC nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1962, tó ki ẹ́ńjìnì V8 onísílíńdà mẹ́jọ ti Ford bọ̀ ọ́ nínú ní Amẹ́ríkà. Èyí tí wọ́n ṣe láyé ìgbà yẹn ò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan lọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé olówó ńlá nìkan ló ń ra ojúlówó ẹ̀ lónìí, tí àwọn yòókù ń to ẹ̀dà. Mi ò bá ọ jà lórí ìyẹn. Mọ́tò tó rẹwà ni. Àmọ́ Shelby fúnra ẹ̀ ò dá a ṣe. Ẹlòmíì ló ṣe bọ́dì, ẹlòmíì ló ṣe ẹ́ńjìnì, àwọn òṣìṣẹ́ tún wà lẹ́yìn ẹ̀. Ìwọ, ọwọ́ méjì lo ní, àti ìrọ̀lẹ́ tó yẹ kí o fi bá àwọn ọmọ rẹ ṣeré.

Mú ẹ́ńjìnì. O ní ọ̀fẹ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́, torí mọ́tò Ford Mustang tó ti gbó lo máa tú, kí o yọ ẹ́ńjìnì àti gíà ẹ̀. Àjàní, kò sí ẹ́ńjìnì ọ̀fẹ́. Bí o bá ṣí i, wàá bá ríìngì tó ti jẹ àti bẹ́rìn tó ti ń pariwo. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí o yọ ò ṣeé dá padà. Bí o bá ti wà níbẹ̀, o ò ní fi kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́ sílẹ̀. Bí o bá sì ní o ò ní ṣí i, inú mọ́tò tuntun ni yóò kú sí, wàá wá tú ohun tí o ti tò. Rédíétọ̀ ńkọ́? Sálẹ́ńsà tó máa gba àyè híhá yẹn kọjá ńkọ́? Tánkì epo, wáyà láti iwájú dé ẹ̀yìn, dígí iwájú, ìjókòó, bẹ́líìtì? Mi ò rí ọ̀kankan. Páìpù bíréèkì náà, mi ò rí i. Ìyẹn ló dùn mí jù, torí èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀dà tí o kọ yẹn, owó ohun tó wà nínú agolo ni. Ohun tó ń gbówó níbẹ̀ ni sáńpépà àti àsìkò. Bọ́dì fáíbà máa ń ní ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Lọ síbi tó wà nísinsìnyí, di ojú rẹ, fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti ibi iná iwájú dé ẹnu ilẹ̀kùn. Wàá gbọ́ gegele tí ojú rẹ ò rí. Gbogbo gegele wọ̀nyẹn ni yóò yọ síta lọ́jọ́ tí o bá fi ọ̀dà dúdú tó ń dán yẹn kùn ún. Ẹni tó bá máa bá ọ ha á títí yóò fi tẹ́jú, ọ̀sẹ̀ ló máa fi ṣe é, iye wákàtí ló sì máa gbowó ẹ̀ lé.

Nọ́ọ̀tì àti bóòtì, mi ò tiẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Owó ńlá, èèyàn máa ń jókòó rò ó kó tó san án. Owó nọ́ọ̀tì, èèyàn á kàn yọ ọ́ lápò ni. Àwọn yẹn ló ń mu èèyàn gbẹ.

Kí o sì tó lu ihò kan sára ṣásí yẹn, lọ béèrè ohun tí òfin ibi tí o wà sọ nípa mọ́tò tí èèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ tò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń pè ní IVA. Iná, bíréèkì, bẹ́líìtì, èéfín, títí kan ibi tó mú tó lè gé ẹni tó bá kọ lù ú, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń wò. Bí ó bá kùnà, wàá tún sanwó. Owó aṣọ́bodè ńkọ́, owó adójútòfò ńkọ́?

Ṣé ìyàwó rẹ mọ iye ẹ̀? Kì í ṣe iye tó wà nínú bébà yẹn ni mò ń wí.

Ìwọ náà lo sọ fún mi pé nígbà tí Cobra ṣì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, Shelby máa ń pa ọ̀dà ẹ̀ dà kó tó gbé e fún ilé ìwé ìròyìn mìíràn, káyé lè rò pé wọ́n ti pọ̀. O rẹ́rìn-ín títí lórí fóònù. Mo dákẹ́. O ò bi mí ní ìdí.

O rántí irin kan lábẹ́ tàpólì lẹ́yìnkùlé, tí o máa ń jókòó sínú ẹ̀, tí o máa ń fi ẹnu dún fùù? Mọ́tò mi ni. Ọdún mẹ́fà ni mo fi tò ó. Ìwé méjì ni mo ń kọ ìnáwó ẹ̀ sí: ọ̀kan tí mò ń fi han ìyá rẹ, ọ̀kan lábẹ́ ìjókòó. Lọ́jọ́ tí a tà á, ẹni tó rà á gbé e sórí òṣùwọ̀n, iye tí irin ń lọ ló san. Ọjọ́ yẹn ni ìyá rẹ rí ìwé kejì. Kò pariwo. Ó kà á lórí ìdúró, ó pa á dé, ó ní, "Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Irọ́ ni. Kíránkì ẹ́ńjìnì tí mo rà lọ́dún karùn-ún ò sí nínú ìwé kankan nínú méjèèjì. Owó ìdánwò ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo fi rà á. Mo sọ fún ọmọ yẹn pé wọ́n ti sún ìdánwò síwájú. Ó jókòó sílé fún ọdún kan gbáko, ó ń gbálẹ̀ yí mọ́tò náà ká láràárọ̀, èmi ń wò ó.

Olóríkunkun ni ọ́, mo mọ ibi tí o ti mú un. Mi ò ní kí o má to mọ́tò rẹ. Ọwọ́ rẹ dáa ju tèmi lọ, mo ti ń fẹ́ sọ ìyẹn fún ọ tipẹ́. Ra ìwé tuntun, ẹyọ kan. Kí ìwọ àti ìyàwó rẹ jókòó tì í. Gbogbo nǹkan kí ó ní ìlà tirẹ̀, owó tí wọ́n fi gbé e wá kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá rò pé ó ti parí, kí ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ lé e. Bí ó bá kan owó ilé ìwé àwọn ọmọ, fi bọ́dì yẹn sínú àpótí ẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀, kò ní jẹrà. Má fi sọ́kàn pé tí o bá tà á wàá rí owó rẹ gbà padà, ẹ̀dà kì í sábà pa iye tó gbé mì. Má sì ra bíréèkì àlòkù.

Kọ ìṣirò yẹn wá fún mi padà. Jẹ́ kí ìyàwó rẹ fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́, mo mọ bí ìwé ọwọ́ ẹ̀ ṣe rí.

Mo ti ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ wá sílé lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá rẹ náà yóò jókòó. Iye tí mo ra kíránkì yẹn ni màá kọ́kọ́ sọ fún wọn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ