Báláámù àti Fíìmù Ọjọ́ Ẹtì

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ wa ń wo The Pianist, fíìmù nípa bí àwọn Násì ti Jámánì ṣe pa àwọn Júù ní Poland nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní gbọ̀ngàn kékeré. Wọ́n dé ibi tí ìdílé Júù kan ti jókòó sídìí ẹrù wọn, tí wọ́n ń retí ọkọ̀ ojú irin tí yóò kó wọn lọ pa. Bàbá wọn fi gbogbo owó tó kù lọ́wọ́ wọn ra suwíìtì kan ṣoṣo, ó fi ọ̀bẹ gé e sí mẹ́fà, ó pín in fún wọn. Ibẹ̀ ni iná lọ.

Bí mo ṣe ń jáde, ìyá kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ mọ ẹni tó ṣe fíìmù yìí?"

Mo mọ̀ ọ́n. Roman Polanski ni. Júù ni òun náà. Ọmọdé ni nígbà tí ogun ká wọn mọ́ Kraków ní Poland, Auschwitz, àgọ́ tí àwọn Násì ti ń pa èèyàn, ni wọ́n sì pa ìyá rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ní 1977, ní Los Angeles, ọkùnrin yìí kan náà ba ọmọbìnrin ọmọ ọdún 13 jẹ́. Ó jẹ́wọ́ ní kóòtù pé òun bá ọmọdé lò pọ̀. Kí adájọ́ tó dá ìjìyà fún un ní 1978, ó ti sá lọ sí Faransé. Ní 2003, wọ́n fún un ní Oscar lórí fíìmù yìí. Kò lè wá gbà á, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó di 2018 kí ẹgbẹ́ tó ni Oscar tó lé e jáde.

Àtẹ́wọ́ yẹn ló ń dùn mí. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ní ìjọ kan tí mo ti sìn nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́, ọ̀gá akọrin kan wà tí ohùn rẹ̀ ń mú àgbà sunkún. Ọmọbìnrin kan wá sọ ohun tó fojú rẹ̀ rí lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Àwọn alàgbà ní, "Ta ni yóò wá darí orin Àjíǹde?" Mo wà níbẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan. Ọmọ náà kò tún wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Ẹ ka Númérì. Wòlíì Báláámù ló sọ pé ìràwọ̀ kan yóò ti inú Jákọ́bù jáde wá, òtítọ́ ni, a sì ń kà á títí dòní. Báláámù yìí náà ló gba àwọn ará Mídíánì nímọ̀ràn tó mú Ísírẹ́lì ṣubú, tí 24,000 èèyàn fi kú. Mósè kò ya ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ kúrò nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò torí ìràwọ̀ bo ìmọ̀ràn yẹn mọ́lẹ̀. Ní orí 31, idà ni wọ́n fi pa á.

Nítorí náà mi ò ní kí àwọn ọmọ má wo fíìmù náà mọ́. Władysław Szpilman, Júù tó ń tẹ dùùrù, tó la Warsaw já, ló kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Òun àtàwọn tó kú ni wọ́n ni ín. Kò tọ́ kí á torí ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíì gbàgbé wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí n gbọ́ lẹ́nu yín pé ẹni tó ṣe nǹkan tó dára tó báyìí kò lè burú, tàbí pé ojú rẹ̀ ti rí màbo. Ọmọ ọdún 13 yẹn kọ́ ló pa ìyá Polanski. Ọmọbìnrin náà ti dàgbà, ó ti sọ ní gbangba pé òun dárí jì í. Òun ló ni ìdáríjì yẹn. Kì í ṣe tiwa láti pín.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, a ó wo èyí tó kù. Kí a tó tan án, ìyá tó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ni yóò kọ́kọ́ dìde sọ̀rọ̀ nípa ọmọbìnrin ọmọ ọdún 13 náà. Mo ti bẹ̀ ẹ́, ó sì ti gbà.

Olùṣọ́-àgùntàn yín