Ẹ bá wa dá àtẹ ètò tẹlifíṣọ̀n padà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ tó gbilẹ̀ ní Ìkòròdú ni pé fóònù ló gba òǹwòran lọ́wọ́ tẹlifíṣọ̀n. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Aago ètò tí kò ṣe é gbọ́kàn lé mọ́ ló lé wọn.

Láyé ọjọ́un, ìrọ̀lẹ́ ni tẹlifíṣọ̀n ń ṣí. Orin orílẹ̀-èdè á dún, ètò ọmọdé á tẹ̀ lé e, eré á dé, ìròyìn NTA á bọ́ sórí afẹ́fẹ́ láago mẹ́sàn-án, kò sì ní pẹ́ tí wọ́n á fi palẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń dáná mọ ìgbà tó yẹ kó ti sọ ọbẹ̀ kalẹ̀. Nísinsìnyí tó jẹ́ pé tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń ta àkókò fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́. Ètò olówó á fà kọjá, ìpolówó á gorí rẹ̀, eré aago mẹ́jọ á wá bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Fóònù tí àwọn òǹwòran sá lọ bá kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Fídíò wákàtí kan ní 480p, ìyẹn àwòrán tó mọ́ níwọ̀nba, ń jẹ nǹkan bí ìdajì gígábáìtì dátà. Wákàtí méjì lálẹ́ di ọgbọ̀n gígá lóṣù, àwòrán náà kò sì tíì mọ́ tónítóní.

Dékódà díjítà tí ìjọba gbé dé Èkó lọ́dún 2021, àpótí tó ń gba ìkànnì sórí tẹlifíṣọ̀n, lè gbé àtẹ ètò sójú tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kò bá fi í ránṣẹ́, òfìfo lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹni tí dékódà rẹ̀ lè gba ètò sílẹ̀ sórí fláàṣì (ohun kékeré tí a ń kì bọ ara dékódà láti tọ́jú fídíò), kó kọ́kọ́ yẹ aago rẹ̀ wò: GMT+1 ni tiwa, ìyẹn aago Greenwich pẹ̀lú wákàtí kan. Bó bá wà ní GMT lásán, wákàtí kan ló fi rẹ̀yìn, eré á ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Kó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún un ṣáájú eré, kó fi ọgbọ̀n kún un lẹ́yìn rẹ̀ nítorí ètò tó ń fà. Bí iná bá sì lọ láàárín, ibẹ̀ ni gbígbà á já sí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba àtẹ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo Ọjọ́rú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́jọ́ Ẹtì, kí ẹ sì kọ àkókò tí ètò kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ gan-an lọ́sẹ̀ tó kọjá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Òǹkàwé yín,
Ìta-Ẹlẹ́wà, Ìkòròdú.