Àlàní, ẹ̀rọ wa ń gbóná o

Àlàní ọ̀rẹ́ mi,

Òtútù Kánádà ńkọ́? Ṣé etí ẹ ṣì wà lórí? Àwa níbí, ooru la fi ń wẹ̀. Oṣù kẹta ti dé, àpáta Ẹ̀gbá ti gbóná dóru, iná ò sì dúró.

Kọ̀ǹpútà wa fẹ́ kú o. Tí n bá sọ ọ́ lórí WhatsApp o máa fi emoji dá mi lóhùn ni, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà. Jọ̀ọ́, kà á tán kó o tó bínú.

Látìgbà tí a ti kó kúrò ní Àdátán wá sí Ọbáńtokò ló ti bẹ̀rẹ̀. Tí n bá ṣáà ti tẹ render, kó máa pa fídíò pọ̀ di odindi, fáànù á máa pariwo, gbogbo nǹkan á wá máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ bí arúgbó tó ń gun Olúmọ, tó bá yá, pàú, ó kú. Fídíò ìgbéyàwó kan ló sì wà lórí ẹ̀, ìyàwó ọ̀ṣìngín yẹn ń pè mí láàárọ̀ ń pè mí lálẹ́, ó ní ẹbí ọkọ òun ti rò pé àwọn ò ṣe ìgbéyàwó ni. Kí ni kí n sọ fún un, pé ibà ń ṣe kọ̀ǹpútà?

Mo gbé e lọ bá bọ̀dá kan ní Pánsẹ́kẹ́. Mi ò ní dárúkọ wọn, o mọ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ kíbọọ̀dù ọjọ́sí. Wọn ò tiẹ̀ ṣí i! Wọ́n ní processor, ọpọlọ ẹ̀, ti jóná, ká lọ ra òmíì, motherboard tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀ jókòó lé náà ò dá àwọn lójú. Mo ní ẹ̀gbọ́n, tó bá ti jóná, ṣé ó tún máa tàn ni? Wọ́n ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo gbé ẹrù mi.

Nígbà tí mo délé mo wọ inú BIOS, ojú ètò tó máa ń wà kí kọ̀ǹpútà tó tàn tán, iṣẹ́ kankan ò sí lọ́wọ́ ẹ̀ o, ooru processor ti wà ní 90 digirí Celsius. Ìwọ náà mọ̀ pé processor i5-10400 yẹn, 100 ni òpin ẹ̀, tó bá ti ń débẹ̀ á máa dín eré ara ẹ̀ kù, tí ìyẹn ò bá ràn án á pa ara ẹ̀ kó má baà jóná. Ara ẹ̀ ló ń gbà là, bọ̀dá Pánsẹ́kẹ́ ní ó ti kú. Mo ṣí i. Eruku ọyẹ́ tó wà níbẹ̀ tó gbin ẹ̀gẹ́. Mo fi ìka di fáànù mú kí blower má baà yí i ní ìyíkúyìí, mo fẹ́ gbogbo ẹ̀, ọmọńlé kan fò jáde, ìyàwó mi sá kúrò nínú yàrá. Mo tún tàn án. 90 náà ni.

Ohun tó wá là mí lójú rèé: mo fọwọ́ kan irin heatsink, ó tutù. Ó tutù, Àlàní! Screen ń sọ 90, irin tó yẹ kó máa gbé ooru yẹn kúrò tutù minimini. Ooru ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ rárá nìyẹn, wọn ò fara kan ra. Ni mo bá tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí ẹ̀, àfi bí mo ṣe rí i tí ọ̀kan nínú pin oníke mẹ́rin tó dì í mú ti yọ sókè, igun kan ti gbé kúrò nílẹ̀. Gbàgàgbàgà kẹ̀kẹ́ tó kó ẹrù wa ló yọ ọ́, mo lè búra.

Thermal paste, ọ̀rá tí wọ́n ń fi sáàárín processor àti heatsink kí ooru lè kọjá, èyí tí mo rí rà níbí ti gan pa sínú ike ẹ̀, ni mo bá wọ reluwé ní Ládérìn, ní ibùdó Wọlé Ṣóyínká yẹn, mo sọ̀ ní Agége, ó di Computer Village. Ká ní reluwé yìí ti wà nígbà tá a lọ kó àwọn ẹ̀yà ẹ̀, a ò bá má sun Sángò lọ́jọ́ yẹn. Mo fi sípírítì nu èyí tó ti gbẹ kúrò, mo fi tuntun bíńtín sáàárín, mo wá ń tẹ pin wọ̀nyẹn, igun yìí, igun tó dojú kọ ọ́, títí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi dún kọ́ọ́. Motherboard ń tẹ̀ débi pé mo ń pe Jésù. Mo tàn án: 41. Mo pariwo, ìyàwó mi rò pé wọ́n ti mú iná dé.

Àmọ́ ibi iṣẹ́ la ti ń mọ ọkùnrin. Tí n bá ń render, 88. Tí n bá ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sílẹ̀, 72. Ó ti bọ́ lọ́rùn heatsink nìyẹn, ó ku casing, àpótí tó bo gbogbo ẹ̀. Casing ta ni? Ìwọ lo ní gíláàsì ló máa wà níwájú kí iná pupa iná búlúù lè máa tàn, mo ní ibo ni atẹ́gùn máa gbà wọlé, o ní mi ò lójú nǹkan tó rẹwà. Àwọn fáànù wà lẹ́yìn gíláàsì wọn ò rí nǹkan fà! Kádì ẹ tó ń gbé àwòrán sí screen, 1660 Super, òun nìkan lè jẹ 125 watt, gbogbo ẹ̀ ló ń di ooru sínú àpótí yẹn, processor sì ń mí i símú. Mi ò sì lè máa ṣí i sílẹ̀, eruku wà, ọmọńlé wà, àwọn míì náà sì ń bọ̀.

Ìyá ẹ ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, wọ́n ti ń ríran, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí ni pé mo ti sanra. Ràájí ti di lańdílọ́ọ̀dù, kì í kí wa mọ́. Ìyá onílàáfún wa ní Kútọ̀ ti kó lọ. Àbẹ̀kẹ́ bèèrè ẹ, mo ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́.

Ó dáa, jẹ́ n sọ ọ́. Mo ti yọ kádì ẹ wò. Processor yẹn ní graphics tiẹ̀ nínú, mo gbé wáyà screen sí ìdí motherboard, ó dúró sí 74 tòun ti gíláàsì ẹ lójú. Render pẹ́ díẹ̀, àmọ́ ó parí, ìyàwó ọ̀ṣìngín ti gba fídíò ẹ̀. Ṣé o rí i pé sáyẹ́ǹsì ni mo ń bá ẹ sọ? Ọmọ kan ní Asérò tó ń gbá gémù wá fẹ́ ra kádì náà.

Mo mọ̀ pé tìẹ ni, o kàn fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi ni. Ẹnu mi ò bá tí gba ọ̀rọ̀ yìí. Àlàní, ìyàwó mi lọ ṣe scan, méjì ni. Méjì! Nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín, ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín, èmi wá ibi jókòó. Wọ́n ní ìbejì máa ń yá ju ọjọ́ wọn lọ, wọ́n tún lè ní àwọn máa ṣe iṣẹ́ abẹ, owó ẹyọ ọmọ kan ni mo sì tọ́jú. Mi ò rí oorun sùn dáadáa. Tí n bá jí lóru, kọ̀ǹpútà ni mo máa ń lọ wò bóyá ara ẹ̀ tutù.

Jẹ́ n tà á. Màá máa san án fún ẹ díẹ̀díẹ̀, tàbí kí n ra òmíì dè ẹ́ kó o tó wálé. Má tíì sọ fún ìyá ẹ o, tí wọ́n bá gbọ́ láàárọ̀, kó tó dọ̀sán gbogbo aládìrẹ Ìtòkú á ti máa pè mí ní bàbá ìbejì.

Ọmọ Asérò yẹn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Fún mi lésì kó tó dìgbà yẹn, bó o bá kọ̀ náà mi ò ní bínú. Gíláàsì ẹ yẹn sì rèé, tó bá wu ọmọ yẹn, màá fi ṣe èènì fún un.

Èmi ni,
Àjàní ẹ